Ẹ Gbà Wá Lọ́wọ́ Àlejò Tó Ń Wa Mọ́tò Ní Lọ́ńdọ̀nù

Wọ́n ti dé o. Oòrùn ti ń mú níbí, ilé-ìwé ti ń palẹ̀mọ́ ìsinmi nílé, àwọn èèyàn wa sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Heathrow tẹrù-tẹrù: èlùbọ́, gàrí Ìjẹ̀bú, ẹja gbígbẹ, aṣọ ẹbí fún ọjọ́ tí ọmọ máa gboyè. Kò burú. Àlejò ni wọ́n, a ó sì tọ́jú wọn. Àmọ́ kì í pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti dé tí ọ̀rọ̀ tí mò ń sá fún á fi bọ́ lẹ́nu wọn: "Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ńkọ́?"

Èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Rye Lane, ní Peckham, láàárọ̀ Sátidé, tí wọ́n ń di irun wẹ́wẹ́ fún un títí ọ̀sán fi pọ́n, kí ló fẹ́ fi etí rẹ̀ ṣe? Ohun tí mo ti gbọ́ níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àlejò àti mọ́tò, bí mo bá rò ó tán, ẹ ó káwọ́ lérí. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ ìta ni wọ́n ń sọ o. Àwọn èèyàn gidi ni: olóyè, díákónì, ìyá ìjọ, ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wúkọ́ nílé, gbogbo ọmọ á dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ apá òsì kúrò ńlẹ̀, nítorí ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Apá òsì ni wọ́n ń gbà níbí, ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí. Àwa náà ti gba òsì rí. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò lósì bọ́ sí ọ̀tún, àwọn bàbá tó ti ń wakọ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn sì ṣì wà láyé tí wọ́n lè ròyìn rẹ̀. Bí àlejò bá dé ráńdábáòtù tí ojú rẹ̀ pòrúurùu, tó gbàgbé pé ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀nà, a ó bá a kẹ́dùn, a ó ní kó rọra. Àìmọ̀ kọ́ ló ń tì mí lójú. Èyí tí wọ́n ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe ni.

Ẹ gbọ́ ti Olóyè kan. Mi ò ní dárúkọ ìlú rẹ̀, kí ìlú náà má baà bínú sí mi. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló gbà á sílé ní Dagenham. Iṣẹ́ alẹ́ ni ọmọ náà ń ṣe, bó bá ti dé láàárọ̀, á sùn. Olóyè jí, ó rí kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó mú un. Ó ní òun kàn fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Birmingham. Ẹ gbọ́, Birmingham! Bí ẹni pé láti Mókọ́lá sí Dùgbẹ̀ ni.

Láísẹ́ǹsì Olóyè kò ní àléébù. Òfin ibí gba àlejò láàyè kó fi láísẹ́ǹsì ìlú rẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré fún oṣù 12 láti ọjọ́ tó wọlé. (Ẹni tó bá wá di ará ibí, tirẹ̀ yàtọ̀. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá pààrọ̀ láísẹ́ǹsì. Bí oṣù 12 bá ti pé, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ gba ti akẹ́kọ̀ọ́, kó ṣe ìdánwò orí ìwé, kó sì ṣe ti ojú títì. Mo mọ àwọn kan tó ti pẹ́ níbí débi pé ọmọ wọn ti wọ yunifásítì, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ sílé kí wọ́n bá wọn tún láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ṣe. Wọ́n mọ ara wọn.) Inṣọ́ránsì ni kò sí. Kì í ṣe pé wọ́n ti ṣe inṣọ́ránsì fún mọ́tò tán, kí ẹnikẹ́ni wá jókòó sí i. Inṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ bo ẹni tó ń wà á. Bẹ́ẹ̀, èèyàn lè rà á fún ọjọ́ kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan lórí fóònù, àwọn iléeṣẹ́ kan sì ń tà á fún ẹni tó ní láísẹ́ǹsì òkèèrè. Ta ló fẹ́ ra èyíinì? Olóyè?

Ó dé orí M1, ó bọ́ sí ìlà ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn, fún ẹni tó fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀ ni. Bó o bá ti yà á tán, òsì ni kó o padà sí. Ọkọ̀ tò lẹ́yìn Olóyè bí ọkọ̀ ìyàwó, òun sì rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún òun ni, títí iná búlúù fi tàn lẹ́yìn. Ọlọ́pàá náà kéré, wọ́n ní kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ó bèèrè orúkọ. Olóyè ní ṣé ó mọ ẹni tí òun jẹ́. Ọmọ náà dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n, ìdí tí òun fi ń bèèrè nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ rè é. Olóyè fa pọ́n-ùn ogún-ogún méjì yọ lápò, ó ká wọn wẹ́wẹ́, ó fi wọ́n sáàárín láísẹ́ǹsì, ó na láísẹ́ǹsì jáde lójú fèrèsé, ó wá kọjú síwájú bí ẹni tí kò mọ̀ nípa ohunkóhun. Owó yọ̀, ó bọ́ sórí bàtà ọlọ́pàá. Kámẹ́rà kékeré kan sì wà láyà ọmọ yẹn o, tí iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú! Òfin rìbá ti ilẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ṣe ní 2010, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Orí ló yọ Olóyè. Ọlọ́pàá ní kó ṣa owó rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́ lórí ẹ̀. Àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí títì ńlá, ó ń ṣa owó, ọkọ̀ ẹrù ń kọjá lórí eré, fìlà rẹ̀ sì ń fò lọ. Ṣíọ̀!

Wọ́n gbé mọ́tò lọ. Bí wọ́n bá bá èèyàn lórí ìjókòó láìní inṣọ́ránsì, £300 ni owó ìtanràn, póíǹtì mẹ́fà á sì wọ orí láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ọlọ́pàá lè gba ọkọ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì wá gbà á padà, wọ́n lè rún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀fìn tí wọ́n gbẹ́ fún ọmọ tó ń sùn nílé. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò ní inṣọ́ránsì, òun náà ti jẹ̀bi. Bó bá ní òun yọ̀ǹda, póíǹtì ń bọ̀ lórí òun náà. Bó bá ní òun kò yọ̀ǹda, ó ti sọ fún ọlọ́pàá Òyìnbó pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun jí mọ́tò gbé. Èwo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé fẹ́ mú nínú méjèèjì? Ó san gbogbo rẹ̀, ó gba póíǹtì, ó dákẹ́. Inṣọ́ránsì tirẹ̀ náà sì wọ́n sí i lọ́dún tó tẹ̀lé e. Olóyè padà sílé lọ ròyìn pé àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù kì í gbà, pé ìlú wọn dára. Kò dárúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀ nínú ìròyìn náà rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi Olóyè sílẹ̀, ká bọ́ sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Èyí dùn mí ju ti owó lọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó sínú àga tirẹ̀ nínú ọkọ̀ títí yóò fi pé ọdún 12, tàbí títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò bá di bẹ́líìtì, ọrùn awakọ̀ ló wà. Àwọn ìyá àgbà tó wá ṣe ìwẹ̀ ọmọ kò fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n ní díákónì kan ń wa ìdílé rẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ titun bú sẹ́kún nínú àga, Màmá ní kí ìyàwó tú u kó gbé e fún òun níwájú. Ìyàwó ń wo ọkọ. Ọkọ ń wo títì. Màmá ní: "Èmi ni mo tọ́ bàbá rẹ̀. Ṣé inú àga ni mo tọ́ ọ sí?" Ni wọ́n bá tú ọmọ. Ọmọ tí kò tíì ní orúkọ, wọ́n gbé e sórí itan níwájú ọkọ̀ tó ń sáré, díákónì kò lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé rárá. Ọkùnrin tó ń bá gbogbo ìjọ wí lórí pẹpẹ!

Níbí, bẹ́líìtì kò mọ ọlá. Oṣù Kìíní 2023, Rishi Sunak, olórí ìjọba ìgbà náà fúnra rẹ̀, tú bẹ́líìtì láti ṣe fídíò nínú mọ́tò tó ń lọ. Gbogbo ayé rí i, àwọn ọlọ́pàá Lancashire sì fún un ní ìwé ìtanràn. Ó tọrọ àforíjì, ó san án. Ẹ fi ìyẹn wé "ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́".

Ti eré sísá ńkọ́? Níbi tí òpó iná bá wà létí títì láìsí àmì mìíràn, máìlì 30 ni ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù ti sọ ọ́ di 20, Wales sì sọ ọ́ di 20 káàkiri inú ìlú láti 17 oṣù Kẹsàn-án 2023. Bàbá kan tó ti wakọ̀ ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn láti ìgbà èwe rẹ̀ ní 20 kì í ṣe ìwakọ̀, pé ìrìn òkú ni. Kò burú, Bàbá. Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà náà, ẹni tó fi adé lé Ọba Charles lórí, sá 25 níbi 20 nítòsí ààfin rẹ̀ ní Lambeth. Kí ni kámẹ́rà ṣe? Ó ya fọ́tò rẹ̀. Ní 2023 ilé ẹjọ́ gba owó tó lé ní £500 lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní póíǹtì mẹ́ta. Bí Bíṣọ́ọ̀bù bá ń san, ta ni kò ní san?

Fóònù lọ́wọ́, £200 àti póíǹtì mẹ́fà. Kódà bí o bá dúró níbi iná pupa, o ò gbọ́dọ̀ mú un dání. David Beckham tí ẹ̀ ń pariwo rẹ̀ yẹn, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2019 nítorí fóònù. Ti fèrè ọkọ̀ pàápàá ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìkìlọ̀ nìkan ni fèrè wà fún níbí, láti aago 11:30 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọn ọ́n láàárín ilé. Ìyá ìjọ kan ti ìṣọ́ òru dé lágogo méjì, ó dúró síwájú ilé ọmọ rẹ̀ ní Abbey Wood, ó ń fọn ọ́n pòòò, pòòò, kí wọ́n wá ṣí géètì. Géètì wo? Ilé yẹn kò ní géètì! Gbogbo òpópónà tan iná. Àwọn aládùúgbò tó ti ń kí ọmọ náà láti ọdún yìí wá kò kí i mọ́.

Ti ọtí, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀, nítorí àwọn tó ń ka ìwé yìí mọ ara wọn. Ẹ ti wà ní gbọ̀ngàn lójú Old Kent Road, ẹ ti rí bí àwọn ọkùnrin ṣe ń jáde lóru, tí agbádá ti wọ́ sílẹ̀ tán, tí ẹni tí kò rí ihò kọ́kọ́rọ́ ń sọ pé òun lè wà á délé. Mílígíráàmù 80 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni ààlà ní England àti Wales. Scotland ti sọ tirẹ̀ di 50 láti oṣù Kejìlá 2014, nítorí náà ẹni tó bá ń lọ òde Glasgow, kó má fi ọgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù lọ. Bí wọ́n bá mú èèyàn, wọ́n á gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n. Ìdálẹ́bi yẹn á sì máa tẹ̀ lé e lọ síbi tí yóò ti bèèrè físà mìíràn. Ìyàwó á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé ọkọ òun ti mu yó, á ní "Dádì, ẹ rọra o". Kí ni rọra? Gba kọ́kọ́rọ́!

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ tán. Lẹ́tà.

Ọlọ́pàá kì í sábà dá èèyàn dúró níbí bíi tilé. Kámẹ́rà ni. Kámẹ́rà kì í bèèrè ẹni tó wà lórí ìjókòó, nọ́mbà ló ń kà, orúkọ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà ni lẹ́tà sì ń bá wá. ULEZ, òfin èéfín ọkọ̀, ti bo gbogbo Lọ́ńdọ̀nù láti 29 oṣù Kẹjọ 2023. Ọkọ̀ àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ san £12.50 lójúmọ́, ọjọ́ Kérésìmesì nìkan ni kì í san. Láti agogo méjìlá òru sí agogo méjìlá òru ni wọ́n ń ka ọjọ́ kan o. Bí ẹ bá kúrò nílé lọ òde lágogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí ẹ padà lágogo méjì òru, ọjọ́ méjì lẹ jẹ. Àárín ìlú ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, Congestion Charge, tó bẹ̀rẹ̀ ní £5 ní oṣù Kejì 2003, tó sì ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta báyìí. Ìlà bọ́ọ̀sì ní tirẹ̀. Àpótí yẹ́lò tí wọ́n kùn sí oríta, tí o ò gbọ́dọ̀ wọ̀ bí iwájú kò bá tíì ṣí, òun náà ní tirẹ̀.

Èyí tó ń mú àwọn èèyàn wa jù ni ti Dartford, níbi tí èèyàn ti ń ré odò Thames kọjá láti Essex bọ́ sí Kent. Láti oṣù Kọkànlá 2014 ni wọn kò ti gbowó ní àgọ́ ibẹ̀ mọ́. Kò sí igi ìdábùú, kò sí ẹni tó na ọwọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọn á ti san án, kí agogo méjìlá òru ọjọ́ kejì tó lù. Bàbá kan tó mọ owó tolugéètì Lẹkí dáadáa gba ibẹ̀ lọ, ó gba ibẹ̀ bọ̀, ó sì ń yin ìjọba ibí ní gbogbo ọ̀nà pé wọ́n ṣèèyàn, pé wọ́n la ọ̀nà tó dára tó báyìí, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gba lẹ́tà ìmoore náà nígbà tó yá.

Ìtanràn ULEZ tàbí ti àárín ìlú, £180 ni, £90 bí ẹ bá san án kí ọjọ́ 14 tó pé. Bí ẹ bá gbé e pamọ́ sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, yóò di £270, lẹ́yìn náà yóò di ti kóòtù, lẹ́yìn náà báílíìfù á kan ilẹ̀kùn. Àlejò ti dé Ṣágámù nígbà yẹn. Ẹ bá fi fọ́tò lẹ́tà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ṣé ẹ mọ ohun tí yóò fi fèsì? Àdúrà! Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta: Olúwa á pèsè, ibi tí ẹ ti mú un jáde, á padà síbẹ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹyọ náírà kan nínú ohùn yẹn. Àgbàlagbà jẹ gbèsè, ó fi àmín san án.

Ti eré sísá tún burú jù, nítorí fọ́ọ̀mù máa ń bá a wá. Láàárín ọjọ́ 14 lẹ́tà á dé: ta ló ń wa ọkọ̀ yìí? Ọjọ́ 28 ni wọ́n fún ẹni tó ni ọkọ̀ láti dáhùn. Bí kò bá dáhùn, póíǹtì mẹ́fà, àti ìtanràn tó lè tó £1,000. Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá tó gbọ́n jù ti máa ń gbọ́n bàjẹ́. Àlejò tó ti padà sílé wá di ẹni tó ń wa gbogbo mọ́tò Lọ́ńdọ̀nù. "Ẹ kọ orúkọ Bàbá sí i, Bàbá ti padà sí Ìbàdàn." Mo gbọ́ ti bàbá kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí eré tí wọ́n sá ní Luton, bẹ́ẹ̀ bàbá náà ti dẹ́kun ìwakọ̀ tipẹ́, ojú rẹ̀ méjèèjì ló ń dùn ún. Inú ilé ìjọsìn ni wọ́n ti gba ara wọn nímọ̀ràn yìí o, níbi tí wọ́n ti ń jẹ jọ̀lọ́fù lẹ́yìn ìsìn.

Wọ́n rò pé Òyìnbó kò lè mọ̀. Chris Huhne ńkọ́? Ó ti ṣe mínísítà rí. Kámẹ́rà mú un lórí M11 ní 2003, ó ní kí Vicky Pryce, ìyàwó rẹ̀, gba póíǹtì náà sórí. Ìyàwó gbà á. Ọdún méje kọjá, ọkọ kó lọ bá obìnrin mìíràn, ìyàwó ní òun á fojú rẹ̀ hàn, ó gbé ọ̀rọ̀ póíǹtì lọ fún àwọn oníwèé ìròyìn. Ó fojú ọkọ hàn lóòótọ́. Oṣù Kẹta 2013, adájọ́ fi àwọn méjèèjì sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ-mẹ́jọ lọ́jọ́ kan náà. Nítorí póíǹtì mẹ́ta!

Ẹ má sì sọ fún mi pé ti Òyìnbó nìyẹn. Fiona Onasanya, ta ló bí i? Orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé. Agbẹjọ́rò ni nígbà náà. Oṣù Kẹfà 2017 ló wọ ilé aṣòfin Westminster láti Peterborough, a sì bá a yọ̀. Kò tíì pé oṣù méjì níbẹ̀ tí kámẹ́rà fi mú Nissan rẹ̀ ní abúlé Thorney lálẹ́ 24 oṣù Keje: 41 níbi tó yẹ kó jẹ́ 30. Kí ni ìbá ná an? Póíǹtì mẹ́ta, tàbí kí wọ́n ní kó wá jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tó padà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá sọ pé ará Rọ́ṣíà kan, ayálégbé tẹ́lẹ̀, ló ń wà á. Ọlọ́pàá wádìí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Rọ́ṣíà ni ọkùnrin náà wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn! Ṣé ẹ rí i? Ọgbọ́n "Bàbá ti padà sí Ìbàdàn" gan-an ni, wọ́n kàn fi Rọ́ṣíà rọ́pò Ìbàdàn ni.

Aṣòfin ní òun kò jẹ̀bi, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ Old Bailey ní ó jẹ̀bi. Oṣù Kìíní 2019 ni wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́wọ́, gba oṣù mẹ́wàá. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, àwọn ará Peterborough ti fọwọ́ sí ìwé láti lé e kúrò nílé aṣòfin, òun sì ni aṣòfin àkọ́kọ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé rí ní ilẹ̀ yìí. Ohun tó sì mú mi káwọ́ lérí ni pé lẹ́yìn ìdájọ́, ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi ara rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ Jósẹ́fù, Mósè àti Dáníẹ́lì. Dáníẹ́lì! Kìnnìún wo ló wà ní Thorney?

Mo fẹ́ẹ́ gbàgbé ti káàdì búlúù. Káàdì tí ìjọba ń fún aláìlera kí ó lè páàkì nítòsí, àwọn kan á mú ti Màmá, Màmá á wà nílé lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn á gbé e síwájú ọkọ̀, wọ́n á páàkì lẹ́nu ọjà ra ṣàkì àti pọ̀ǹmọ́. Ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Mo rí ọ̀kan tó sọ̀ kalẹ̀, tó rántí pé ẹnì kan ń wo òun, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló tiro dé. Ó gbàgbé láti tiro nígbà tó ń padà bọ̀.

Bí mo bá ń sọ èyí, àwọn kan á ní ìjọba wa ńkọ́. Wọn ò purọ́. Ní 2024, TfL tó ń bójú tó ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù to orúkọ àwọn ilé aṣojú orílẹ̀-èdè tó jẹ gbèsè Congestion Charge láti 2003. Amẹ́ríkà ló ṣíwájú, Japan àti Íńdíà tẹ̀ lé e, Nàìjíríà sì jókòó sí ipò kẹrin pẹ̀lú gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ ilé aṣojú ní owó orí ni, pé àdéhùn Vienna ti 1961 yọ àwọn aṣojú kúrò nínú owó orí. TfL ní kì í ṣe owó orí, owó iṣẹ́ ni. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kì í ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè kankan.

Obìnrin kan ní Thamesmead mọ ìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni mọ́tò wà, nítorí náà òun ni gbogbo lẹ́tà ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ń kí. Ó san wọ́n níkọ̀ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, ọkọ ń sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi ni, kí ni kí n ṣe?" Ní ọ̀sẹ̀ tó lọ, ẹ̀gbọ́n tẹ̀ wọ́n láago pé òun ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ, kí wọ́n bá òun tún ẹ̀rọ amúlétutù mọ́tò náà ṣe, pé ooru mú òun nígbà tó kọjá. Ìyàwó ní "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, sà". Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ya mọ́tò ní fọ́tò níwá lẹ́yìn, ó sì gbé e síta fún títà. Ẹnì kan ti san àsansílẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀sì 177 ń lọ láti Thamesmead dé Peckham, pé ẹ̀gbọ́n á gbádùn rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kò tíì mọ̀ o. Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi.